Kentucky 31 Dára Lójúde Ilé, Àmọ́ Ẹ Má Fi Fún Abo Ẹṣin Tó Lóyún

Ẹni tó bá ń wá koríko tí ọmọdé lè máa sáré lórí rẹ̀, tí òtútù ò ní pa, tí ọ̀dá ò sì ní tètè gbẹ, tall fescue ni kó lọ rà. Kentucky 31 ni irú èyí tí mo gbìn. Kì í ṣe ọmọ àná rárá: ọdún 1931 ni E. N. Fergus, ọ̀jọ̀gbọ́n ní University of Kentucky, rí i lórí oko onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní Menifee County, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1943 ni wọ́n gbé e jáde fáwọn àgbẹ̀.

Ẹni tó di irúgbìn yìí sápò ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá wí. Gàdàgbà ló kọ “tall fescue” síwájú àpò, àmọ́ lẹ́yìn, nínú lẹ́tà wínníwínní, ló ti jẹ́wọ́ pé ryegrass, koríko mìíràn tó jọ ọ́, wà níbẹ̀. Ryegrass máa ń yára hù ju fescue lọ, torí náà ilẹ̀ á ti tutù yọ̀yọ̀ kí èyí téèyàn sanwó fún tó yọjú. Ẹ ka ẹ̀yìn àpò, jàre.

Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ẹ fa ọ̀kan tu, kí ẹ wo ibi tí ewé ti so mọ́ igi. Tall fescue ní etí kúkúrú méjì níbẹ̀, irun tín-ín-rín sì wà létí wọn. Dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá lẹ máa fi rí i. Ti ryegrass ò nírun. Ewé tuntun tall fescue máa ń ká jáde bí ẹní, ti perennial ryegrass á ṣẹ́po sí méjì. Ewé fescue tún fẹ̀, bí ẹ bá sì fi ìka fa ẹ̀gbẹ́ ewé náà wá sísàlẹ̀, á ha yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń fẹ́ koríko múlọ́múlọ́, kó yáa wá nǹkan mìíràn.

Gbígbìn rẹ̀ ò le. Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé ló dára jù, nígbà tí ilẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́: gíráàmù 30 sí 40 fún mítà kan níbùú lóròó, kí ẹ sì fi erúpẹ̀ díẹ̀ bò ó. Bí ilẹ̀ ò bá gbẹ, á hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ má gé e kúrú ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ. Ìdì-ìdì ló ń hù, kì í fi bẹ́ẹ̀ rá pálá, torí náà ibi tó bá pá, àfi kí ẹ tún irúgbìn fọ́n síbẹ̀. Ẹ má sì da ajílẹ̀ sí i nígbà ooru, torí àrùn brown patch.

Ohun tó ń mú un lágbára gan-an ló tún ń pa ẹran lára. Endophyte kan, ìyẹn ìbátan olú tí ojú lásán ò lè rí, ń gbé inú rẹ̀, inú irúgbìn ló sì ti ń bá a wá. Ó ń lé kòkòrò, ó ń ran koríko náà lọ́wọ́ nígbà ọ̀dá, àmọ́ ó tún ń pèsè májèlé tó ń jẹ́ ergovaline. Màlúù tó bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ara rẹ̀ á máa gbóná, á máa sá sábẹ́ ibòji, kò sì ní sanra bó ṣe yẹ. Nígbà òtútù, ẹ̀jẹ̀ lè má dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, débi tí pátákò á fi já. Ti abo ẹṣin tó lóyún tún burú sí i: oyún á kọjá àkókò, ibi ọmọ á nípọn, ọmú ò sì ní ní wàrà. Ó kéré tán, ẹ kó o kúrò níbi tí koríko yìí wà ní ọjọ́ 60 sí 90 kó tó bí.

Orí irúgbìn ni májèlé náà pọ̀ sí jù, torí náà ẹ gé e kó tó so. Bí ẹ bá po clover, ewéko mìíràn tí ẹran ń jẹ, mọ́ ọn, ìyẹn náà á dín in kù. Àmọ́ bó bá jẹ́ pápá ìjẹ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dá, irúgbìn tí wọ́n kọ “novel endophyte” sí ni kí ẹ rà: ìyẹn ń dáàbò bo koríko láì ṣe ẹran ní jàǹbá. Ibi tó tutù tó sì gbẹ ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kí ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, torí endophyte inú rẹ̀ máa ń kú kí irúgbìn fúnra rẹ̀ tó kú.