Ọdún mẹ́ta ọmọ mi nílé ìwé yìí: ẹ gbọ́ nípa máàkì wọn

Àwọn oníbàárà tó ń gbé yúnífọ́ọ̀mù wá fún mi láti tú tàbí láti dín kù máa ń bi mí pé, "Ìyá Àánú, ilé ìwé tí Àánú ń lọ yẹn, ṣé ó dáa?" Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò lè máa ṣàlàyé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìwé aládàáni ni, ní Ìbàdàn níbí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọmọ mi ṣì wà níbẹ̀. Owó ilé ìwé, oúnjẹ, bọ́ọ̀sì, ẹ lè fi ojú ara yín wo ìyẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Máàkì ni èèyàn kì í rí ìdí rẹ̀ títí ẹ̀pa ò fi ní bóró mọ́, òun ni mo sì fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ́ kí ojú mi là. Níbi tí ìyẹn ti kàwé, 80 sókè ni wọ́n ń fún un nínú Ìṣirò ní gbogbo táàmù. Ẹ̀gbọ́n mi lẹ káàdì rẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀. Nígbà tí èsì WAEC dé, D7 ni. Fásitì ò wò ó, nítorí orí C6 ni kírẹ́díìtì ti bẹ̀rẹ̀, kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì nínú ẹ̀. Ta ló jí máàkì ọmọ náà? Kò sẹ́ni tó jí i. Kò ní i rí ni.

Níbi tí Àánú wà, báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Nínú 100, 40 jẹ́ ti iṣẹ́ inú táàmù tí wọ́n ń pè ní C.A.: tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ 15, èkejì 15, nóòtì àti iṣẹ́ àṣetiléwá 10. Ìdánwò ló ni 60 tó kù. Ní táàmù kẹta, wọ́n á ro ti táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á fi mẹ́ta pín in. Ọmọ tí kò bá ní 50, tàbí tó bá fìdí rẹmi nínú Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, kò ní kúrò lójú kan. Ilé ìwé púpọ̀ ló ń ṣe 40 àti 60, kò sí àrà níbẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ tẹ́ẹ̀sì ni àrà tiwọn wà.

Lọ́jọ́ náà, gbogbo ìwé tẹ́ẹ̀sì ọmọ ló máa ń wálé nínú àpòòwé ńlá kan. Òbí á fọwọ́ sí bébà kékeré kan tó máa padà. Ìwé tẹ́ẹ̀sì di tiwa. Mo rántí ọ̀kan tó bá mi nídìí máṣíìnnì. Ìbéèrè náà ni 3x + 7 = 25. Àánú kọ 3x = 18, ó tọ́. Ó wá kọ x = 5. Tíṣà fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ 5 yẹn, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kó tún un pín, ó sì fún un ní 2 nínú 3. Láyé tèmi, òdo ni, pẹ̀lú pàṣán lórí ẹ̀. Ọmọ náà jókòó sórí àpótí ọmọ iṣẹ́ mi, ó tún un pín, ó ní, "Màámi, mẹ́fà ni!" Tíṣà tó máàkì ìwé yẹn ṣiṣẹ́ fún owó rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti JSS2, táàmù kejì. Káàdì dé, Ìṣirò 53. Mo wo ọmọ, ọmọ wò mí. Mo fa àpòòwé jáde: 13 àti 12 nínú tẹ́ẹ̀sì, 9 fún nóòtì, 34 nìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ C.A. lórí káàdì, 24. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, ó dilé ìwé.

Tíṣà kíláàsì ní, "Mummy, ẹ má bínú, kọ̀ǹpútà ló ṣe é."

Mo ní, "Àǹtí, kọ̀ǹpútà ò níka. Bí mo bá wọn àyà èèyàn ní 38, tí ọmọ iṣẹ́ mi kọ 28 sínú ìwé, ṣé máṣíìnnì ni n óò bá wí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó mú mi lọ bá igbákejì prínsípà. Wọ́n gbé ìwé ìdánwò jáde, 29 ni lóòótọ́, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 63. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni káàdì tuntun fi jáde, Àánú kúrò ní ipò 14, ó bọ́ sí 11. Mo bi wọ́n pé ẹni tó wà ní ipò 11 tẹ́lẹ̀ ńkọ́. Wọ́n ní àwọn ò ní tún ti gbogbo kíláàsì tẹ̀. Mo tún bi wọ́n bóyá wọ́n ti yẹ C.A. àwọn ọmọ yòókù wò, ṣebí ọwọ́ kan náà ló tẹ̀ ẹ́. "Mummy, òbí kankan ò tíì wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Aláta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní kíláàsì kan náà. Kò mọ̀wé. Mo ní kó kó ìwé ọmọ rẹ̀ wá kí n bá a rò ó. Ó wò mí tìtìjú-tìtìjú: ó ti fi gbogbo rẹ̀ pọ́n iyọ̀ àti magí tà.

Ti iṣẹ́ ọwọ́ ló tún kù. Ní JSS1, wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ìlẹ̀kẹ̀ hun àpò wá, 20 máàkì. Mo fi ti Àánú sílẹ̀ fún Àánú. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi hun ún, ẹnu àpò náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹnu ẹni tí eyín ń dùn. Wọ́n fún un ní 11. Àwọn tí ìyá wọn lọ ra tiwọn lọ́wọ́ oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà gba 18, gba 19. Oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fún ní máàkì yẹn, kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni.

Táàmù tó tẹ̀lé e, Home Economics ní kí wọ́n fi ọwọ́ rán épírọ̀n. Àánú rán an, ìrán rẹ̀ sì gún. Tíṣà wò ó síwá, wò ó sẹ́yìn, ó ní, "Ṣebí ìyá ẹ ń ránṣọ?" ó fún un ní 10. Ọmọ sunkún wálé. Mi ò fọwọ́ kan aṣọ náà o. Òwú tó lò gan-an, òun ló lọ rà á. Mo lọ bá tíṣà, mi ò bá a jà. Mo ní, "Àǹtí, ẹ fún wọn ní abẹ́rẹ́ lójú yín." Mi ò rò pé wọ́n á gbọ́. Ṣùgbọ́n láti JSS2, inú kíláàsì ni gbogbo rẹ̀ ti ń wáyé: tíṣà á gé aṣọ pélébé fún oníkálukú, ogójì ìṣẹ́jú, kí o la ojú bọ́tìnnì kí o sì rán an yípo. Ti Àánú fún pọ̀ díẹ̀ létí, òwú rẹ̀ já níbì kan. 13. Mo gbé e sójú iná ní ṣọ́ọ̀bù, mo wò ó dáadáa. Èmi náà ì bá fún un ní 13.

Ìsàlẹ̀ káàdì, níbi tí wọ́n ti ń fi 1 sí 5 díwọ̀n ìmọ́tótó àti ìwà, ẹ má jẹ́ kó gba àkókò yín. 4 ni wọ́n ń tò wálẹ̀ látòkè. Prínsípà náà á kọ "Keep it up" fún ẹni tó ṣe ipò kejì, á kọ ọ́ fún ẹni tó ṣe ipò kejìlélọ́gbọ̀n.

Ohun kan wà tí wọn kì í sọ fún òbí tuntun. Ní JSS wọn, 70 sókè ni A. Tí ọmọ bá dé SS, ìlànà WAEC ni wọ́n ń lò: 75 ni A1 ti bẹ̀rẹ̀, 70 sí 74 di B2. Ní ìpàdé òbí lọ́dún tó kọjá, bàbá kan dìde, ó pariwo pé àwọn tíṣà SS ń jowú ọmọ òun. Bẹ́ẹ̀ ọmọ kan náà ni, 72 kan náà ni. Ó dà bíi téèpù mi tó jẹ́ íńṣì lójú kan, sẹ̀ǹtímítà lójú kejì. Kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì, kí gbogbo wa mọ ojú tí a ń wò.

Tí wọ́n bá ní kí èmi náà máàkì wọn, n óò fún wọn ní 36 nínú 40 fún iṣẹ́ inú táàmù, nítorí àpòòwé Jímọ̀ yẹn àti ojú bọ́tìnnì. Nínú 60, 32 péré, nítorí ọmọ aláta. 68 nìyẹn, B3. Àánú ń wọ SS1 ní oṣù kẹsàn-án, ibẹ̀ náà ni yóò ti ṣe é. Mo ti ra fáìlì oníke méjì: ọ̀kan wà lára ìṣó tí mo fi ìwé ìwọ̀n àwọn oníbàárà kọ́, èkejì wà lọ́wọ́ aláta.