Irọ́ Tonkin àti irọ́ Iraq: èwo ló gbówọ́ jù?

Irọ́ méjèèjì ni ìjọba Amẹ́ríkà fi wọ ogun: ti Tonkin, ìyẹn apá òkun tó wà létí Àríwá Vietnam, fún ogun Vietnam; ti Iraq, fún ogun Iraq ọdún 2003. Ti Tonkin yá kánkán. Àwọn ọkọ̀ ojú omi Àríwá Vietnam kọlu ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, Maddox, lóòótọ́ ní 2 Oṣù Kẹjọ 1964. Ìkọlù kejì, tí Ààrẹ Johnson kéde ní ọjọ́ 4, ni kò wáyé. Lọ́jọ́ náà gan-an, Herrick, ọ̀gá ológun tó ń darí àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà níbẹ̀, ti ránṣẹ́ sílé pé ohun tí wọ́n rí mú iyèméjì dání, pé ó lè jẹ́ ojú ọjọ́ ló ń tan rédà jẹ. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 7, sẹ́nétọ̀ 88 fún Johnson láṣẹ ogun. 2 péré ló kọ̀.

Ti Iraq ló gbówọ́ jù. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí a ò dárúkọ sọ fún ìwé ìròyìn New York Times pé ọ̀pá alumíníọ̀mù tí Iraq ń wá kiri wà fún ṣíṣe àdó olóró átọ́míìkì. Ìròyìn náà jáde ní 8 Oṣù Kẹsàn-án 2002. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Igbákejì Ààrẹ Cheney bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń tọ́ka sí ìwé ìròyìn náà. Ìjọba sọ̀rọ̀ tán, ó tún wá fi ohùn ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí!

Àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbára (Department of Energy) ti sọ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì làwọn ọ̀pá náà bá mu. Powell, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣì gbé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀pá náà dé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 5 Oṣù Kejì 2003.

Ní ti Tonkin, abẹ́ àṣírí ni iyèméjì wà. Ní ti Iraq, ó wà nínú ìwé ìròyìn, àmọ́ ojú ewé inú ni wọ́n fi í sí.