Páìnì Norfolk àbí foxglove: èwo ni kí a gbìn l'Ékòó?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Sùúrùlérè bi mí èwo ni kí òun gbìn síwájú ilé: igi páìnì Norfolk ni, àbí òdòdó foxglove tí òun rí nínú fọ́tò? Páìnì ni mo ní kí wọ́n mú.

Ọdún méjì péré ni foxglove ń lò láyé. Lọ́dún àkọ́kọ́, ewé lásán ló ń yọ. Òtútù gidi gbọ́dọ̀ mú un kí ó tó tanná lọ́dún kejì, lẹ́yìn náà ó so èso, ó kú. Níbo la ti fẹ́ rí irú òtútù bẹ́ẹ̀ l'Ékòó? Ọyẹ́ wa gan-an kò tó o. Òdòdó rẹ̀ lẹ́wà púpọ̀, ó rí bí agogo kéékèèké aláwọ̀ àlùkò, ṣùgbọ́n májèlé ni tewétewé. Ọmọ kékeré sì wà nílé wọn.

Páìnì Norfolk ní tirẹ̀, òjò ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni, ó tutù minimini. Erékùṣù kan lápá Ọsirélíà ló ti wá, nítorí náà atẹ́gùn oníyọ̀ etí òkun kì í dà á láàmú. Gíga rẹ̀ nìkan ló ń bà mí lẹ́rù: ó lè ga tó mítà 50 nílé rẹ̀. Ẹ má gbìn ín sábẹ́ wáyà iná o! Inú ìkòkò ńlá ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ fi sí. Níbẹ̀, kì í tètè ga.