Gbohùngbohùn ìbàdí tí mo fi ń kọ́ kíláàsì: ìràwọ̀ 3 nínú 5

Ẹ jẹ́ n sọ ti gbohùngbohùn kékeré yìí o, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí tí máìkì ẹ̀ ń wà lórí. Kíláàsì 100 level tí wọ́n gbé fún mi lé ní 400, spíkà gbọ̀ngàn ti kú, iná ń ṣe ségesège, ọ̀fun mi ti fẹ́ bó. Owó àpò mi ni mo fi rà á, torí látìgbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ yunifásítì, ti daṣẹ́ sílẹ̀ oṣù mẹ́jọ ní 2022 ni mi ò ti dúró de ẹnì kankan mọ́.

Ohùn ẹ̀ dáa gan-an, àwọn tó máa ń sùn lẹ́yìn ò rí oorun sùn mọ́ 😂, bátìrì náà ń gbé lẹ́kíṣọ̀ méjì. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí tí máìkì kọjú sí spíkà, á hu bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù, wáyà ẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ọ̀sẹ̀ kẹta ló já, sẹ́lótéèpù ni mo fi so ó. Mo pe ẹni tó tà á, tó ní wáráńtì wà, ó ní "Prof, ẹ má bínú sà, ẹ rọra máa lò ó." Èmi tí wọn ò tíì fún ní senior lecturer!