Apẹ́ńdíìsì Nínú Ìpá: Ṣé Kí Wọ́n Yọ Ọ́ ni, àbí Kí Wọ́n Dá A Padà?

Ìfun tàbí ọ̀rá ló sábà máa ń yọ wọ inú ìpá tó wà níbi tí itan ti pàdé ikùn, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan apẹ́ńdíìsì, ẹ̀ka tínínrín kan tó so mọ́ ìfun ńlá, ni oníṣẹ́ abẹ máa ń bá níbẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ kan, Claudius Amyand, bá irú rẹ̀ pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1735, lára ọmọkùnrin ọlọ́dún 11 kan tí píìnì ti dá apẹ́ńdíìsì rẹ̀ lu. Ó yọ ọ́, ọmọ náà sì yè.

Bí apẹ́ńdíìsì bá ti wú tàbí tí ó ti bẹ́, kò sí àríyànjiyàn, yíyọ ni. Ìgbà tí kò bá ní àbùkù kankan ni ọ̀rọ̀ di méjì.

Bí wọ́n bá dá a padà sínú ikùn, wọn kò ní gé ìfun rárá, ojú iṣẹ́ yóò wà ní mímọ́, wọ́n sì lè fi àwọ̀n, ìyẹn aṣọ oníhò wínníwínní tí wọ́n máa ń fi sínú ara, dí ihò ìpá náà, èyí tí kì í jẹ́ kí ìpá tètè padà bíi ti ibi tí wọ́n kàn fi okùn rán. Bí wọ́n bá yọ ọ́, kò tún lè dá aláìsàn lóró mọ́ láéláé, ṣùgbọ́n kòkòrò inú ìfun lè ta sójú ọgbẹ́, bí ó bá sì ràn mọ́ àwọ̀n, ó lè di dandan láti ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn kí wọ́n lè yọ àwọ̀n ọ̀hún.

Lójú tèmi, àgbàlagbà tí apẹ́ńdíìsì rẹ̀ dá ṣáká ni dídá padà pẹ̀lú àwọ̀n bá mu jù. Ní ti ọmọdé, tí wọn kì í sábà lo àwọ̀n fún, tí ọjọ́ iwájú rẹ̀ sì ṣì gùn, yíyọ rọrùn láti gbà.