Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó wá bá wa ní Ìtòkú

Ìwé tí onílé ṣọ́ọ̀bù mi fi ránṣẹ́ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: kí n kó ẹrù mi jáde kí oṣù tó parí. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń ta àdìrẹ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ní ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, n ò sì jẹ ẹ́ lówó rí. Oorun dá lójú mi. Mo gun ọ̀kadà lọ bá lọ́yà kan ní Òkè-Ìlẹ̀wó, àmọ́ owó tó pè kó tó ka ìwé ọ̀hún ju èrè ọ̀sẹ̀ méjì mi lọ. Bí mo ṣe padà dé ni wọ́n ń kéde káàkiri ọjà pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan ń bọ̀ láti Èkó, ọjọ́ méjì ni wọ́n máa lò, wọn ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí n má parọ́, ọkàn mi ò kọ́kọ́ gbà á. Ọmọ tí ò tíì di lọ́yà, kí ló fẹ́ rí ṣe sí ọ̀rọ̀ onílé mi?

Ọmọbìnrin tó kàn mí kúnlẹ̀ kí mi, ó fa bẹ́ǹṣì rẹ̀ sún mọ́ mi, ó ní, "Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, mà, ẹ má kánjú." Kò já lu ọ̀rọ̀ mi rárá. Ìgbà tí mo sọ tán ló bèèrè rìsíìtì. Mo tú u jáde nínú ọ̀rá tí mo fi ń pa á mọ́ lábẹ́ ìdì aṣọ. Aró ti ta sí èyí tó ṣe pàtàkì jù, ó bo ibi tí wọ́n kọ oṣù sí pátápátá. Ọmọ yìí dìde, ó jáde kúrò lábẹ́ kánópì, ó gbé ìwé náà sókè sí oòrùn, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ó fi rí i kà. Oṣù kìíní sí oṣù kejìlá. Ó rẹ́rìn-ín. "Mà, ayálégbé ọlọ́dọọdún ni yín."

Ó wá là á yé mi. Ẹni tó ń san owó ọdún, tí òun àti onílé ò bá jọ fọwọ́ sí àdéhùn mìíràn, ìwé ìkìlọ̀ oṣù 6 ni onílé gbọ́dọ̀ fún un kó tó ní kó kó jáde. Ẹni tó ń san lóṣooṣù ló ni oṣù 1. Bí oṣù 6 bá tiẹ̀ pé, onílé ò gbọdọ̀ dédé fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Yóò tún fún ọ níwèé ọjọ́ 7 pé òun fẹ́ gba ilé òun, lẹ́yìn náà ló tó lè gbé ọ lọ sí kọ́ọ̀tù. Ọdún 11, ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún mi rí!

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán wọn ni pé wọn ò pe ara wọn ní ohun tí wọn kì í ṣe. Ó ní ọdún 5 ni wọ́n ń lò ní yunifásítì, wọ́n á tún lọ sí Law School kí wọ́n tó di lọ́yà, torí náà òun ò lè dúró fún mi ní kọ́ọ̀tù. Lọ́yà àgbà kan bá wọn wá. Ó ka lẹ́tà tí wọ́n bá mi kọ, ó fagi lé gbólóhùn méjì, ó ní kí wọ́n tún un kọ, kó tó fọwọ́ sí i. Àwọn tí ẹjọ́ tiwọn ti dé kọ́ọ̀tù, wọ́n júwe Legal Aid Council fún wọn, èyí tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún ẹni tí apá rẹ̀ ò ká owó lọ́yà.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé abẹ́ kánópì kan náà ni gbogbo wa wà. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ṣeé sọ lójú ọjà, ọ̀rọ̀ ọkọ ò ṣeé sọ níbẹ̀. Obìnrin kan tó ń tajà níwájú mi dé ibẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní omi lòun fẹ́ bèèrè, ó sì padà sídìí ọjà rẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Tí wọ́n bá tún ń bọ̀, kí wọ́n bèèrè yàrá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Ọjọ́ méjì náà kéré jù. Èèyàn ṣì tò lọ bẹẹrẹ nígbà tí bọ́ọ̀sì wọn gbéra.

Alẹ́ ọjọ́ kẹrin tí onílé gba lẹ́tà náà ló pè mí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, ó ní ká jọ sọ ọ́. Oṣù 6 mi ló ń lọ lọ́wọ́ báyìí, mo ń fara balẹ̀ wá ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Mo ti gba nọ́ńbà ọmọ yẹn fún obìnrin iwájú mi. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn páálí kan, ó tì í bọ àpò owó rẹ̀. Kò tíì pè é.