Àpò yanrìn, páìpù ẹ̀gbẹ́ àbí àpótí fóòmù: èwo ló yẹ ọkọ̀ ẹja yín?

Nǹkan mẹ́ta yìí ni a lè fi ran ọkọ̀ ẹja lọ́wọ́ kó má bàa tètè dojú dé. Kí owó tó jáde lápò, ẹ yẹ ọkọ̀ yín wò. Ẹ gbọ́n omi inú rẹ̀ tán, nítorí omi ilẹ̀ ọkọ̀ a máa ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó bá tẹ̀ sí, á sì tún mú kó tẹ̀ sí i. Ẹ gbé e sí ibi tí omi ò ju orúnkún lọ, ẹ tẹ etí rẹ̀ kan mọ́lẹ̀, kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Bó bá yára padà sípò, kò burú. Bó bá ń fì jẹ́jẹ́, tó ń pẹ́ kó tó padà, ẹ fura. Ọ̀pọ̀ apẹja ló fẹ́ràn fífì jẹ́jẹ́ yẹn torí ó tu ara lára, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tí kò pẹ́ dojú dé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ pákó ọ̀sà fún apẹja méjì, mítà 6 ní gígùn, mítà 1.2 ní fífẹ̀, la fi ṣe ìṣirò.

Àpò yanrìn ni owó rẹ̀ kéré jù. Àpò 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 25, tí a tò sí àárín ilẹ̀ ọkọ̀, máa ń mú ọkọ̀ òfìfo wúwo nísàlẹ̀. Ọkọ̀ á rì sí i ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ́ńjìnnì á sì mu epo sí i. Ewu rẹ̀ ni pé ọkọ̀ pákó tí omi kún ṣì máa ń léfòó, àmọ́ yanrìn lè fà á lọ sísàlẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí omi kún dé ọrùn ló sàn jù lójú tiwa: kílò kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá kún, omi inú kẹ́ẹ̀gì ò ní fà á rì. Ẹ má bu omi rẹ̀ dé ìdajì o, ẹ sì so ó mọ́lẹ̀ dáadáa.

Páìpù ẹ̀gbẹ́, ìyẹn páìpù tí a fi apá gbé jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, lágbára ju bó ṣe rí lójú lọ. Páìpù PVC onínṣì 6, mítà 2.5 ní gígùn, tí a dí lẹ́nu méjèèjì, lè gbé nǹkan bíi kílò 40 bó bá rì tán. Bó bá jìnnà sí etí ọkọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó tó láti kojú ọkùnrin oníkílò 75 tó dúró sí etí ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí páìpù wà, níbi tí ọkọ̀ á ti máa tẹ̀ ẹ́ wọ omi. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kí ẹ fi sí. Ẹ kó ìgò ọ̀rá tí ìdérí rẹ̀ le sínú páìpù, kó má bàa rì bó bá là. Àléébù rẹ̀: àwọ̀n a máa há sí apá rẹ̀, ewéko orí ọ̀sà náà a máa kó sí i, kò sì rọrùn ní èbúté tó kún. Ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja ló bá mu.

Àpótí fóòmù tí a kàn mọ́ ara ọkọ̀ ló gbówó lórí jù, òun náà la sì máa rà fún ẹni tó ń fa àwọ̀n. Bó bá fi sẹ̀ǹtímítà 15 kún fífẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó sì gba gígùn ọkọ̀ já, agbára tí ọkọ̀ fi ń kọ títẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àpótí kúkúrú ò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọnú omi nígbà tí ẹrù bá wà nínú ọkọ̀. Bó bá wà lókè omi, ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá tẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́.

Ẹ bi oníṣòwò irú fóòmù tó lò. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n máa ń yọ́ bí bẹntiróòlù bá kán sí i, rẹ́síìnì fáíbà náà sì ń jẹ ẹ́. Fóòmù tí wọ́n ń pè ní polyurethane ni kó jẹ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe dè é pẹ̀lú: ìgbì máa ń fa ìṣó tu díẹ̀díẹ̀, omi á wá gba ihò rẹ̀ wọlé. Bóòtù onínọ́ọ̀tì tó kọjá pákó síhìn-ín sọ́hùn-ún, pẹ̀lú wọ́ṣà ńlá àti pákó ìtì nínú, ni kí ẹ bèèrè fún.